Ẹni tí Wọ́n Bi Pé, "Kí Ni Ó Kàn Ọ́?"

Ọ̀rọ̀ lórí ayé olóògbé Olóyè Josiah Sunday Ọláwoyin, Aṣíwájú Ọ̀ffà, tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ọ̀ffà tí ń gbé Ìlọrin, ní ìpàdé ọdọọdún wa ní Challenge.

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí aṣáájú òṣèlú kan tí ó ti inú ìlú wa jáde, orúkọ Olóyè Ọláwoyin ni ó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. A kò mú un nítorí pé ó borí. Bí a bá ní kí a ka iye ìgbà tí ó borí nínú ìjà òṣèlú, kí a sì ka iye ìgbà tí wọ́n borí rẹ̀, èkejì ni yóò pọ̀ jù. A mú un nítorí ìbéèrè kan tí ó gbé lọ sí ilé ẹjọ́, àti nítorí ìdáhùn tí wọ́n fún un níbẹ̀. A sì mú un nítorí pé àwa tí a jókòó síhìn-ín fún ọmọ wa kan ní ìdáhùn kan náà ní ọdún tó kọjá. Ẹ fi sùúrù bá wa lọ, a óò dé ibẹ̀.

Gbogbo ọmọ Ọ̀ffà ni ó mọ̀ pé ìjàkadì ni orò ìlú wa. Ẹni tí ó bá sì ti dúró létí agbo ìjàkadì rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kanlẹ̀ rí nìkan ni àwọn èrò ń hó fún. Ẹni tí a dá, tí ó dìde, tí ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, tí ó sì tún wọ agbo, òun náà ní ìyìn tirẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí tó lè yé àwọn ọmọ wa, ó yẹ kí a sọ bí ayé ti rí nígbà náà. Ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fi ìdí Ilẹ̀ Àríwá múlẹ̀ ní 1900, Ọ̀ffà àti àwọn ará Ìbọ̀lọ́ mìíràn, àwọn Ìgbómìnà, àti àwọn Èkìtì kan bá ara wọn nínú Ẹkùn Ìlọrin, lábẹ́ Àríwá. Àwọn ará wa ní Ìkìrun àti Òṣogbo wà ní òdì kejì ààlà. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó gba Ọ̀ffà kọjá kí ó tó dé Ìlọrin ní 1908. Kò sí ààlà lójú ọkọ̀ ojú irin. Lójú ìjọba ni ààlà wà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo tí ó sọ̀ ní Ọ̀ffà ti kúrò lábẹ́ òfin kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni ó fi ra ẹ̀kọ ní ibùdókọ̀ méjèèjì.

Inú ayé yìí ni a bí Ọláwoyin sí ní 1925. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group sílẹ̀ ní gbangba ní Ọ̀wọ̀ ní 1951, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ọláwoyin wà lára àwọn tí wọ́n gbé àsíá ẹgbẹ́ náà ní Ẹkùn Ìlọrin. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ní Ìbàdàn, ẹni tí ó bá wọ Action Group wọ ẹgbẹ́ ìjọba. Ní Ọ̀ffà, ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ wọ ẹgbẹ́ alátakò, nítorí ẹgbẹ́ NPC ti Sàdáúnà Sókótó, Alhaji Ahmadu Bello, ni ó ń ṣe ìjọba Àríwá. Ní 1956, àwọn ènìyàn wa dìbò yàn án sí Ilé Aṣòfin Àríwá ní Kàdúná. Ibẹ̀ ni ó ti wà láàárín àwọn díẹ̀ tí ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé lérí jù lọ ni pé kí a jẹ́ kí àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbbà darapọ̀ mọ́ àwọn ará wọn ní Ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Kì í ṣe òun ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní 1952, Gómìnà Sir John Macpherson ti dá a lẹ́jọ́ pé kí ààlà wà bí ó ti wà. Síbẹ̀, àwọn Ọláwoyin kò dákẹ́. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Willink wá sí Nàìjíríà ní 1957 láti gbọ́ ohun tí ń ba àwọn ẹ̀yà kékeré lẹ́rù, ọ̀rọ̀ Ìlọrin àti Kàbbà tún dé iwájú wọn. Ìwé ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1958, kò sì gba pé kí a yí ààlà padà. Ẹ̀yìn kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

A wà ní ìlú Ìlọrin lónìí, a sì ń jẹ, a ń mu, a ń tajà, a ń kọ́lé láàárín àwọn ará ìlú yìí ní àlàáfíà. Nítorí náà, ó yẹ kí a sọ òtítọ́ kan tí àwọn ọmọ wa kì í sábà gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ wọnnì kì í ṣe ìjà Ọ̀ffà pẹ̀lú Ìlọrin nìkan. Nínú ìlú Ìlọrin gan-an, àwọn mẹ̀kúnnù dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ìlọrin Talaka Parapọ̀. Ẹgbẹ́ náà àti Action Group fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n sì rí ìbò ará ìlú gbà tó bẹ́ẹ̀ tí agbára ìgbìmọ̀ ìlú fi bọ́ sí ọwọ́ wọn. Nígbà tí ó di 1958, ìjọba Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ọmọ Ọ̀ffà àti tálákà Ìlọrin jọ wà nínú agbo kan náà, wọ́n sì jọ ṣubú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún ọmọ yín pé ìjà ni ó wà láàárín ìlú méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí orí ìbéèrè tí a wí. Ní 1958, ìjọba Àríwá ṣe òfin kan lórí àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́. Apá kan nínú òfin náà ni ó ka òṣèlú léèwọ̀ fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó, ó sì fi ìyà sí i. A lè rí ọgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ bí a bá fẹ́ ṣe òtítọ́: ta ni nínú wa tí yóò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti ń sọ òkò lu ara wọn? Ṣùgbọ́n òfin tí a fi lé ọmọdé kúrò nídìí òkò lè lé e kúrò nídìí ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ọláwoyin wò ó pé bí òun bá jókòó ti ọmọ nínú ilé, tí òun ń là á yé e bí a ti ń ṣe ìlú, òfin yìí lè ká òun mọ́. Ó mú ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ro èrò rẹ̀ àti láti sọ ọ́, ó gbà á lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì ní kí wọ́n sọ pé apá òfin Àríwá náà kò bá a mu.

Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Àríwá kọ̀ fún un. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dé Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, àwọn náà sì dá ẹjọ́ rẹ̀ nù ní 1961. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Wọn kò sọ pé irọ́ ni ó pa. Ohun tí wọ́n sọ, bí a bá fi èdè wa sọ ọ́, ni pé: Kí ni ó kàn ọ́? Ta ni ó mú ọ? Òfin náà kò tíì dí ọ lọ́wọ́, kò tíì sún mọ́ ọ láti ṣe ọ́ ní ibi. Nítorí náà ẹjọ́ rẹ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn adájọ́ ní ìdí tiwọn. Bí gbogbo ẹni tí inú ń bí bá lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun gbogbo, ilé ẹjọ́ yóò kún ju ọjà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní òwe kan tí ó dáhùn ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Kò di ìgbà tí kòkòrò bá wọ ẹnu tiwa kí ó tó kàn wá.

Ẹjọ́ tí Ọláwoyin pàdánù yìí kò kú. Ó wọ inú ìwé àwọn amòfin, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àtipẹjọ́ dáadáa ní Nàìjíríà tí kò ní í bá orúkọ ọmọ Ọ̀ffà pàdé níbẹ̀. Ní 1981, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Abraham Adéṣànyà pe Ààrẹ Ṣèhù Ṣàgàrí lẹ́jọ́ nítorí ẹni tí ó yàn ṣe alága àjọ ìdìbò, ẹjọ́ Ọláwoyin wà lára àwọn tí wọ́n tún yẹ̀ wò, ìdáhùn náà sì ni Sẹ́nétọ̀ gbà: kò kàn ọ́. Ní 1987, ìlẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀. Wọ́n ti fi bọ́m̀bù inú lẹ́tà pa Délé Gíwá, akọ̀ròyìn, ní oṣù kẹwàá 1986. Amòfin Gani Fawẹhinmi, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti agbẹjọ́rò olóògbé náà, fẹ́ kí a gbé àwọn tí ó fura sí lọ sí ilé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà kàn án. Ní 2009, a ṣe ìlànà tuntun fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, pé a kò gbọdọ̀ da irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nù nítorí pé kò kan ẹni tí ó pè é. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún gbà pé ẹgbẹ́ kan tí ń jà fún àwọn ará abúlé tí epo rọ̀bì ba omi wọn jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Abíá ní ẹ̀tọ́ láti pe ilé iṣẹ́ epo ìjọba, NNPC, lẹ́jọ́.

Ní ọdún 2018 kan náà, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó dín ọjọ́ orí àwọn tí ń du ipò kù, tí ẹni ọdún 25 fi lè wọ Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ dípò ẹni 30. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1958 tí òfin lé ọmọdé kúrò nídìí òṣèlú, títí di 2018 tí òfin pe ọ̀dọ́ wọlé, ọgọ́ta ọdún géérégé ni. A kò sọ pé Ọláwoyin ni ó ṣe gbogbo èyí. Ohun tí a ń sọ ni pé ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò ṣí i fún wọn.

Báwo ni ìyókù ìjà rẹ̀ ti rí? Ní January 1966 àwọn ológun gba ìjọba, ní ọdún náà sì ni wọ́n fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní ọjọ́ 27 oṣù May 1967, Ọ̀gágun Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ìlọrin àti Kàbbà kúrò lábẹ́ Kàdúná, ṣùgbọ́n wọn kò bọ́ sí abẹ́ Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ tiwọn ni wọ́n dá fún wọn, èyí tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ohun tí Ọláwoyin bẹ̀bẹ̀ fún ní Kàdúná kò rí bí ó ti fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí bí àwọn tí ó bá a jà ti fẹ́. Ní 1991, àwọn ará Kàbbà náà bọ́ sínú Kogí. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ lé orí ààlà kan ṣoṣo yóò rí i pé ààlà a máa ṣí nípò. Bóyá ibi tí ọgbọ́n Ọláwoyin kù díẹ̀ sí nìyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ọmọ ti ń sọ òtítọ́ nípa baba rẹ̀.

Nígbà tí òṣèlú padà dé ní 1979, ẹgbẹ́ UPN ni ó wà. Alhaji Adamu Atta ti NPN ni ó di gómìnà Kwara. Ní 1983, Olóyè Cornelius Adébáyọ̀ gba ipò náà fún UPN, lẹ́yìn tí Dókítà Olúṣọlá Sàràkí ti NPN ti bá gómìnà ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, tí ó sì ti ìdìbò náà lẹ́yìn. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọnnì, ẹgbẹ́ Ọláwoyin wọ ilé ìjọba ní Ìlọrin. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, àwọn ológun tún dé. Ní 1993, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú òṣèlú láti 1948 sí 1983. Ó papòdà ní ọdún 2000. Kò fi àlejò lásán sílẹ̀ fún wa. Ó fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí ó borí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ó jókòó kọ ohun tí ó ṣe, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè bi í léèrè?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a ti dé ibi tí a ń lọ.

Ní ìpàdé ọdún tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, ọmọbìnrin kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga dìde láti ẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni ó kù nínú owó tí ẹ dá fún òrùlé gbọ̀ngàn?" Ẹ rántí ohun tí a ṣe. Ọ̀kan nínú wa wí pé, "Kí ni ó kàn ọ́? Ṣé o dá nínú rẹ̀ ni?" Gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín, a ní kí ó jókòó. Àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí ó rẹ́rìn-ín.

Owó náà kò sọnù. Akápò wa ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, kọ́bọ̀ kan kò dín nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kò bá gbà láti kà á. Ọmọbìnrin náà ni ó sọnù. Kò wá sí ìpàdé mọ́ láti ọjọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń mú wá kò sì wá mọ́. Ìyá rẹ̀ ni ó sọ fún wa pé láti inú owó tí òun ń fi ránṣẹ́ sí i fún oúnjẹ ni òun ti yọ ìdá owó òrùlé. Nítorí náà, ó kàn án dé inú ikùn.

Ní 1961, a fi ìbéèrè yẹn lé ọmọ Ọ̀ffà jáde ní ilé ẹjọ́, a sì ń bínú sí i títí di òní. Ní ọdún tó kọjá, àwa ọmọ Ọ̀ffà fi í lé ọmọ tiwa jáde ní ilé wa. Bí a bá fi orúkọ Ọláwoyin sí ara ògiri gbọ̀ngàn yìí, tí a kò sì yí ìwà náà padà, ògiri nìkan ni a yẹ́ sí.

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́ta wá, a sì bẹ̀ yín kí ẹ gbà wọ́n lónìí kí a tó jẹun. Èkínní: kí akápò máa ka ìwé owó sókè ní gbogbo ìpàdé ọdọọdún, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún wa, kí ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí ohun tí ẹni tí ó wà ní Challenge rí. Èkejì: kí a fi ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, sínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì ní ìbò bí ti gbogbo wa. Ẹ̀kẹta: kí a ya ààbọ̀ wákàtí sọ́tọ̀ fún ìbéèrè, kí ó sì di èèwọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí láti bi ẹnikẹ́ni pé kí ni ó kàn án. Àwọn àgbà kan lè máa rò pé a fẹ́ gba ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Rárá o. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí ẹgbẹ́ yìí ń wá wà lórí pẹpẹ, ó sì wà nínú kèrègbè.

Lẹ́yìn èyí, kí àwọn àgbà mẹ́ta tẹ̀ lé wa lọ sí ilé ọmọbìnrin náà. A kò ní í ránṣẹ́ pè é. Àwa ni a óò lọ. A óò mú ìwé owó òrùlé lọ́wọ́, a óò sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Aṣíwájú Ọ̀ffà sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó jẹ́ kí ilé àti oko wa tòrò. Kí àwọn ọmọ wa máa bi wá léèrè, kí ẹnu wa sì gba ìdáhùn. Àṣẹ.